Gráàfù mẹ́ta lójú ìwé kan: àkọsílẹ̀ ìjókòó kan níbi àpérò lórí neutrino àti jíjẹrà proton

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ kò ju ojú ìwé kan lọ. Àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni. Àwọn onímọ̀ físíìsì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ ràgàjì tí wọ́n fẹ́ kọ́ sábẹ́ ilẹ̀, tí yóò máa ṣọ́ neutrino, èérún tín-ín-tín tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ohunkóhun, tí yóò sì máa ṣọ́ proton, èérún inú kóró átọ́mù, bóyá yóò jẹrà, ìyẹn ni pé kó fọ́ sí àwọn èérún mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, olùdarí àpérò fẹ́ gbé síláìdì kan ṣoṣo síwájú gbogbo ilé: ìlà mẹ́ta lórí gráàfù kan, ọ̀kan fún ẹ̀rọ olómi, ọ̀kan fún ẹ̀rọ argon (gáàsì tí wọ́n mú tutù títí ó fi ń ṣàn), ọ̀kan fún ẹ̀rọ olóròóró (òróró tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bí èérún bá gba inú rẹ̀ kọjá), kí gbogbo ènìyàn lè rí ibi tí ọwọ́ kálukú yóò nà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti lẹ́yìn ogún ọdún. Èmi ni akọ̀wé ìjókòó tí wọ́n ní kó ya gráàfù náà. N kò ní dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí kò sí ẹni tó hùwà àìtọ́ níbẹ̀. Ohun tó bá wa lè bá ìjókòó yòówù.

Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí lè béèrè ohun tó da neutrino àti jíjẹrà proton pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1974, Georgi àti Glashow gbé àbá kan jáde tó so mẹ́ta nínú agbára mẹ́rin tó ń darí ẹ̀dá pọ̀ ṣọ̀kan. Ohun tó sì tinú àbá náà yọ ni pé proton, tí a rò pé kì í kú, yóò jẹrà lọ́jọ́ kan. Ni wọ́n bá wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, wọ́n rọ omi kún kòtò, wọ́n to gílóòbù tí ń gba ìmọ́lẹ̀ yí i ká, wọ́n sì ń ṣọ́nà. Méjì nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni IMB, tó wà níbi ìwakùsà iyọ̀ kan ní Ohio ní Amẹ́ríkà, àti Kamiokande, tó wà ní Kamioka ní Japan. Proton kankan kò jẹrà lójú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1987, neutrino dé láti ara ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù ní Large Magellanic Cloud, agbo ìràwọ̀ kan nítòsí tiwa: Kamiokande ka 11, IMB ka 8. Pàkúté tí ọdẹ dẹ de ọ̀yà ló mú àgbọ̀nrín. Super-Kamiokande, tó gba 50,000 tọ́ọ̀nù omi, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1996. Nígbà tó fi máa di 1998, ó ti fi hàn pé neutrino a máa yí padà láti irú kan sí òmíràn lójú ọ̀nà. Lọ́dún 1999 ni àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ àpérò NNN, tó wà fún ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ jíjẹrà proton àti neutrino, wáyé ní Stony Brook ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi orúkọ kan ṣoṣo da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di òní.

Ìdí kejì wà tí wọn kò fi lè pínyà. Ìtànṣán tó ń bọ̀ láti òfuurufú ń bí neutrino lójú sánmà tọ̀sán-tòru, kò sì sí àpáta tó lè dí i lọ́nà. Bí ọ̀kan bá kọlu kóró átọ́mù nínú ẹ̀rọ, ohun tó fọ́n jáde a máa jọ jíjẹrà proton bí ìbejì nígbà mìíràn. Ayédèrú ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ẹni tó ń ṣọ́ neutrino, ọjà rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ proton, olè rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kìíní a ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú gráàfù tirẹ̀ wá, kí a kàn gbé wọn lé ara wọn. Kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe. Lórí gráàfù ẹgbẹ́ olómi, omi ló borí. Lórí ti ẹgbẹ́ argon, argon ló borí. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Àwọn olómi ya ti proton tó jẹrà sí èérún méjì, positron àti pion tí kò ní iná mànàmáná nínú, èyí tí omi mọ̀ ọ́n rí dáadáa. Àwọn onírugbọ̀n argon, bí a ṣe ń pè wọ́n nítorí pé àwọn àgbà inú wọn kì í fá àgbọ̀n, ya ti proton tó jẹrà sí kaon, èérún mìíràn tí kì í pẹ́ kú, àti neutrino. Ẹgbẹ́ kan ka ọdún láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá gba dátà, ẹgbẹ́ kejì kà á láti ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀rọ bá pé. Ẹgbẹ́ kan kọ gbogbo tọ́ọ̀nù tó wà nínú àgbá, èkejì kọ èyí tó wà láàárín nìkan. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré: nínú 50,000 tọ́ọ̀nù omi Super-Kamiokande, 22,500 ni wọ́n ti máa ń kà látilẹ̀, nítorí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ògiri kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Lálẹ́, mo gbá gbogbo gráàfù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní n ó ya tèmi. Ìṣirò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù omi ní proton bíi 3.3 × 10³² nínú. Bí ẹ̀mí proton bá jẹ́ ọdún 10³⁴, ọ̀kan péré ni yóò jẹrà nínú ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù láàárín ọgbọ̀n ọdún. Nínú 22,500 tọ́ọ̀nù, bíi mẹ́ta ni láàárín ọdún mẹ́rin. Ẹ sọ iye proton di ìlọ́po iye ọdún, ẹ fi ìdá tí ẹ̀rọ ń rí mú sọ ọ́ di ìlọ́po lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ kò bá rí ẹyọ kan, tí ẹ kò sì retí ayédèrú kankan, ẹ pín in sí 2.3. Ohun tó bá jáde ni iye ọdún tí ẹ lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún pé ẹ̀mí proton kò kéré sí. Nítorí náà ohun mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: tọ́ọ̀nù mélòó lẹ ń kà, ọdún mélòó, ìdá mélòó lẹ ń rí mú, ayédèrú mélòó lẹ ń retí.

Ìdáhùn ti pé sọ́dọ̀ mi kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Mo ya gráàfù náà, ó dán, ó mọ́, inú mi sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlà ẹgbẹ́ argon fò sókè fíofío lórí ọ̀rọ̀ kaon. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn yóò rí ju 90 mú nínú ọgọ́rùn-ún, ayédèrú kò sì ní í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Pẹ̀lú iye yẹn, ẹ̀rọ argon tí kò tóbi tó ìdámẹ́wàá ẹ̀rọ olómi yóò kọjá rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sára ògiri, ilé dákẹ́. Àwọn olómi wo ara wọn, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ìwé ìwádìí wà tó ti iye náà lẹ́yìn.

Ìdí sì wà tí iye náà fi wọ ènìyàn létí. Kaon tó bá jáde lára proton tó wà ní ìdákẹ́jẹ́ máa ń ní agbára ìsáré 339 MeV/c (òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń wọn ìsáré èérún; MeV lásán ni wọ́n fi ń wọn agbára). Nínú omi, ó gbọ́dọ̀ tó bíi 560 kó tó lè tan ìmọ́lẹ̀ Cherenkov, èyí tí èérún máa ń tan bó bá sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ nínú omi. Omi kì í rí kaon yìí, àfi ọmọ rẹ̀. Kaon a kú láàárín nǹkan bíi nanosecond 12 (nanosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), muon, èérún tó dà bí electron ṣùgbọ́n tó wúwo jù ú lọ, a sì jáde pẹ̀lú 236 MeV/c, òun ni àwọn gílóòbù yóò rí. Bí orí bá ṣe é, kóró átọ́mù oxygen tó pàdánù proton a tan ìmọ́lẹ̀ gamma kékeré kan, bíi 6.3 MeV, ṣáájú muon náà. Nínú òróró atànmọ́lẹ̀, kaon fúnra rẹ̀ a tàn, muon a tẹ̀ lé e, electron a wá sẹ́yìn: mọ̀nàmọ́ná mẹ́ta ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Nínú argon, kaon ya ìlà tirẹ̀ sílẹ̀ gedegbe, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ tọ́ka sí. Ta ni kò ní gbà pé àwòrán dára ju òjìji lọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà kò sí nínú gbọ̀ngàn. Ìdí tábìlì kọfí ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú ẹgbẹ́ argon tó ń kọ ìwé fún oyè ọ̀mọ̀wé. Látọjọ́ kìíní kò tíì la ẹnu rẹ̀. Ó mú fáìlì kan jáde, ó tẹ́ àwọn ìwé tí wọ́n tẹ àwòrán sí sórí tábìlì láàárín àwọn ife, ó sì bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n bá òun sọ èwo ni kaon nínú wọn, èwo ni ayédèrú. Kò kọ nǹkan kan sójú ìwé.

Bàbá kan tí wọ́n ti ń wo irú àwòrán yìí kí a tó bí púpọ̀ nínú wa mú ọ̀kan. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rí i. Ìlà gígùn kan wà tí kò nípọn, tó nà tó ìdajì mítà: muon ni, kò sí àní-àní. Ní ìpìlẹ̀ ìlà náà, kùkùté kan wà tó dúdú, tó nípọn, kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Wọ́n gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, wọ́n fà á jìnnà, wọ́n ní, "Kaon rèé, ó ti dúró kó tó kú, muon rẹ̀ nìyí." Akẹ́kọ̀ọ́ náà rọra yí ìwé náà padà. Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́ sẹ́yìn: neutrino láti ojú sánmà, muon pẹ̀lú proton.

Wọn kò bínú. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ẹ kó ìyókù wá."

Ohun tó tàn wọ́n jẹ nìyí. Bí èérún bá ti ń rẹ̀ lọ ló ń tú agbára sílẹ̀ sí i, òpin ìlà rẹ̀ a sì dúdú ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Kaon tó fẹ́ kú yóò dúdú jù níbi tó ti pàdé muon. Proton tí neutrino fọ́n jáde pẹ̀lú muon yóò dúdú jù ní ìdàkejì, lórí ìkángun tó jìnnà sí muon. Nítorí náà ibi tó dúdú sí ló ń sọ ẹni tí kùkùté náà jẹ́. Tí kaon bá sáré tó bó ṣe yẹ, yóò rin bíi sẹ̀ǹtímítà 14 nínú argon, ojú yóò sì rí ibi tó dúdú sí. Ṣùgbọ́n èérún 40 ló wà nínú kóró argon kan. Kaon tí wọ́n bí sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ la àwọn yòókù kọjá kó tó jáde, á kọlu ọ̀kan, á kọlu òmíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wúwo kó tó dé ìta. Ohun tó kù fún un lè má ju sẹ̀ǹtímítà méjì. Bí àwọn wáyà tó ń ka ìlà náà bá fi nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún jìnnà síra, sẹ̀ǹtímítà méjì kò ju wáyà mẹ́rin lọ. Ta ni yóò fi wáyà mẹ́rin mọ ọ̀nà tí ẹnìkan dorí kọ?

Ibo wá ni iye tó ju 90 lọ yẹn ti wá? Inú àfarawé orí kọ̀ǹpútà tó mọ orúkọ èérún kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ ni. Àfarawé náà kò ṣì. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó mọ ìdáhùn ni wọ́n fi ìbéèrè lọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó fún ètò kọ̀ǹpútà ní wáyà nìkan, tó ní kó mọ ìyókù fúnra rẹ̀. Ó ti rí i pé iye náà já wálẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí ó rò pé àṣìṣe òun ni. Apá yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. (Nígbà tí DUNE, ètò ẹ̀rọ argon ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ètò ẹ̀rọ rẹ̀ jáde lọ́dún 2020, tí wọ́n ti fi gbogbo ìgbésẹ̀ kíka àwòrán sí i, nǹkan bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ fún kaon.)

Olórí ẹgbẹ́ argon wá bá wa kí ìjókòó ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí a yọ ìlà àwọn kúrò. Olùdarí ìjókòó wa kọ̀. Bí a bá yọ ọ́, àwọn yòókù yóò dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò ní àléébù, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó tíì bi wọ́n ní ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bi àwọn ará ilé rẹ̀. Olùdarí ìjókòó bá mú pẹ́ẹ̀nì mẹ́ta sílẹ̀, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ pupa. Kí kálukú padà síbi iye mẹ́rin tó kọ. Èyí tí wọ́n ti wọ̀n nínú ẹ̀rọ gidi, kí wọ́n fi ewé kọ ọ́. Èyí tó ti inú àfarawé wá, búlúù. Èyí tó jẹ́ ìrètí, pupa.

Ó yà mí lẹ́nu bí pẹ́ẹ̀nì mẹ́ta ṣe tú àṣírí tó. Àwọn olómi rò pé ewé ni gbogbo tiwọn yóò jẹ́. Lórí positron àti pion, òótọ́ ni: ẹ̀rọ olómi ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù kan ti dúró lójú ọ̀nà ìtànṣán neutrino tí wọ́n ń ta ní KEK, ilé ìwádìí físíìsì kan ní Japan, wọ́n sì ti fi ka ayédèrú náà. Iye tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008 jẹ́ nǹkan bíi 1.6 fún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù omi lọ́dún kan. Ìyẹn kì í ṣe àfarawé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ohun mìíràn gé ayédèrú yẹn kù lórí gráàfù: wọ́n ní àwọn yóò máa mú neutron, èérún tó jẹ́ ẹnìkejì proton nínú kóró átọ́mù. Neutrino tó kọlu omi sábà máa ń tú neutron sílẹ̀, jíjẹrà proton kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà neutron ni ẹ̀rí tó ń tú olè fó. Nínú omi lásán, neutron tí hydrogen gbé mì a tan ìmọ́lẹ̀ 2.2 MeV, èyí tí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi gadolinium, irin kan tó máa ń gbé neutron mì wẹ́rẹ́, sómi, ìmọ́lẹ̀ náà yóò tó bíi 8 MeV. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kò tíì sí gadolinium nínú ẹ̀rọ olómi ńlá kankan. Ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú Super-Kamiokande. Pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ̀lú ojú tó le. Lórí kaon, ìmọ́lẹ̀ gamma kékeré yẹn di búlúù.

Àwọn olóròóró kò ní wàhálà púpọ̀. Tọ́ọ̀nù wọn ló kéré, wọ́n sì mọ̀.

Kí a tó parí, bàbá tó ka àwòrán ní ìdí kọfí tún béèrè ohun kan tí kò sí lórí tábìlì ẹnikẹ́ni: ọjọ́ tó burú jù lọ ńkọ́? Wọ́n rán wa létí ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2001. Wọ́n ń dá omi padà sínú Super-Kamiokande lẹ́yìn àtúnṣe, gílóòbù kan fọ́ nísàlẹ̀, ìgbì tó ti ara rẹ̀ jáde fọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà fọ́ òmíràn, títí ohun tó lé ní 6,000 nínú bíi 11,000 fi di àfọ́kù láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Aṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: láti ìgbà náà ni gílóòbù kọ̀ọ̀kan ti ń wọ ẹ̀wù acrylic àti fiberglass. Ìbéèrè bàbá ni pé kí kálukú ya ìlà kejì, ìlà ọjọ́ àìsàn. Bí ìdá kan nínú márùn-ún gílóòbù bá kú, ibo ni ìlà yín yóò wà? Bí argon bá dọ̀tí ńkọ́? Electron tí èérún tú sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀ ni wáyà ń kà; èyí tó bá fẹ́ rin mítà mẹ́ta àtààbọ̀ nínú argon yóò lò ju mìlísẹ́kọ́ńdì méjì lọ lójú ọ̀nà, èérí tó jẹ́ oxygen kò sì gbọdọ̀ ju bíi 100 lọ nínú triliọ̀nù kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbé e mì kó tó débi wáyà. Bí òróró bá sì ṣú díẹ̀, báwo ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe la àgbá tó fẹ̀ ju mítà ọgbọ̀n lọ kọjá?

Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó lè dáhùn gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ohun tí mo gbé jáde lọ́sàn-án kì í ṣe ìlà mẹ́ta. Bẹ́líìtì mẹ́ta ni, ti argon fẹ̀ jù lórí kaon, pẹ̀lú tábìlì aláwọ̀ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Olùdarí àpérò kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń gbówó sílẹ̀ fẹ́ rí ìlà, wọn kò fẹ́ rí bẹ́líìtì. Mo gbọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Fún ẹni tí yóò bá ṣe irú ìjókòó yìí lọ́la, ibi tí mo ti ṣì ni mo fẹ́ kó wò. Ohun mẹ́rin tí mo béèrè lálẹ́ ọjọ́ kìíní dára, àmọ́ mo gba iye wọ̀lé láìbéèrè ìyá tó bí i. Iye tí kò ní ìtàn ni mo yà sórí gráàfù, dídán rẹ̀ ló sì pa ẹnu ilé mọ́. Bí mo bá tún un ṣe, àwòrán ni n ó kọ́kọ́ béèrè kí n tó béèrè iye: ogún àwòrán tí kò ní orúkọ lójú, kí ẹgbẹ́ mìíràn kà á. N ó sì wá ẹni tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń jókòó ti ètò kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, kí n bi í ní ìdákọ́ńkọ́ ohun tó rí tó rò pé àṣìṣe òun ni. Ti pẹ́ẹ̀nì mẹ́ta, mo ti lò ó níbi ìjókòó méjì mìíràn. Lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ kan kọ̀ láti fi pupa kọ nǹkan kan, a sì fi ìlà wọn sílẹ̀ láìyà á.

Nínú tábìlì ọjọ́ yẹn, àpótí kan wà ní ìlà argon tó yẹ kó gba iye ayédèrú kaon tí wọ́n ti wọ̀n nínú ẹ̀rọ gidi. Olórí ẹgbẹ́ náà mú pẹ́ẹ̀nì búlúù, wọ́n gbé e lé orí ìwé, wọ́n tún gbé e kúrò. Wọ́n fi ọmọrí dé e, wọ́n sì na tábìlì náà sí mi bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe gbé e sára ògiri lọ́sàn-án, pẹ̀lú àpótí tó ṣófo.